Mo Fi Orúkọ Òkú Ta Ẹ̀rọ Amúlétutù Mọ́ṣáláṣí

Alihamudulilahi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi ní ilé kéwú. Mo dúpẹ́ pé mo ṣì ń mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọ́dà tó fún mi ní bírò àti bébà díẹ̀, tó sì ní kí n jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Ó ti ju ọdún méjì lọ tó ti sọ ọ́. Inú iyàrá àwọn tí a dá ẹjọ́ ikú fún ni mo wà. Síbẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, ara mi yá gágá láàárọ̀ yìí. Kì í ṣe pé wọ́n ti dá mi sílẹ̀ o. Lánàá ni mo sọ òótọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, láti ọjọ́ tí mo ti pa Alhaji Músílíù. Mo fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí gbogbo ayé gbọ́, kí ẹ̀rù má tún bà mí kí n gbé e mì.

Ilé àwọn oníṣòwò ni wọ́n bí mi sí ní Kemta, ní Abẹ́òkúta. Bàbá mi ń ta bàtà, bàbá tirẹ̀ náà ta bàtà. Mo ka Àlùkùránì parí nígbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù. Ọlọ́hun fún mi ní ohùn, Lèmọ́ọ̀mù wa sì fi mí ṣe ládánì, ẹni tó ń pe ìrun. Bí mo bá ké, àwọn ìyá arúgbó á máa sọ fún ìyá mi pé, "Ohùn ọmọ rẹ yìí, ó ń mú kí orúnkún wa gbàgbé pé òun ń dùn wá." Ìyá mi á rẹ́rìn-ín, inú mi á sì dùn.

Lẹ́yìn ilé-ìwé, mo lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní éésì, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Aké. Ọ̀gá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ tó ṣe fírídọ̀mù fún mi, ó pè mí sí kọ̀rọ̀.

Ó ní, "Kọ́pà tó bá ṣẹ́kù nílé oníbàárà, ta ló ni ín?"

Mo ní, "Oníbàárà ni, sà."

"Bí kò bá mọ̀ pé ó ṣẹ́kù ńkọ́?"

"Òun náà ló ni ín, sà."

"Ó dáa. Máa lọ. Ohun tí mo ní láti kọ́ ọ ti parí."

Mo pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ fún ọdún kan, bóyá ọdún kan àbọ̀. Lọ́jọ́ kan ni mo lọ so éésì tuntun kọ́ fún olùkọ́ kan ní Alábàtà. Nígbà tí mo parí, páìpù kọ́pà kan ṣẹ́kù, kò gùn ju apá mi lọ. Olùkọ́ náà ti jáde lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé ìdáná. Mo wo páìpù náà. Ó ń dán bí wúrà. Mo ká a, mo sì tì í sínú àpò irinṣẹ́ mi. Ìyàwó olùkọ́ gbé omi tútù wá fún mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, àáfà." Mo mu omi náà tán, mo dúpẹ́, mo gun ọ̀kadà, àyà mi sì ń lù kìkì bíi ti ọmọdé tó sá jáde nílé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí, nítorí ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ korò, irọ́ ló ń pa. Tèmi dùn. Mo rẹ́rìn-ín láti Alábàtà wọ ìlú.

Ìyá Ramọ́tà ni mo tà á fún. Obìnrin yìí ní àgbàlá ńlá kan tí wọ́n ti ń ra irin àlòkù, ó sì mọ kọ́pà nínú òkùnkùn. Ó gbé e lé ìwọ̀n, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo fìlà mi.

Ó ní, "Àáfà ọmọ, ṣé kéwú ni wọ́n fi ń yọ kọ́pà báyìí?"

Mo ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, màmá."

"Mo gbọ́. Àwọn tó wá láàárọ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀."

Láti ìgbà náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹ̀rọ tí kò kú ti kú. Màá gbé etí sára rẹ̀, màá mi orí bíi dókítà. Wọ́n á ní kí n bá àwọn gbé e dànù, màá sì máa dúpẹ́. Wọ́n gbà mí gbọ́ nítorí pé wọ́n ń gbọ́ ohùn mi lórí gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí.

Èmi nìkan kọ́ ni mo ń ṣe é nígbà náà. Àwọn olè ń gun ògiri ní ojúmọmọ, wọ́n ń gé páìpù éésì ní ilé-ẹ̀kọ́, ní ọ́fíìsì, ní ilé ìwòsàn. Òfin wá dé. Alága ẹgbẹ́ wa kà á fún wa ní ìpàdé. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta kọ́pà tàbí apá kankan lára éésì gẹ́gẹ́ bí irin àlòkù, àfi kí ó mú ìwé tí ẹni tó ni ín fọwọ́ sí, àti káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó ń tà á. Ẹni tó ń rà á gbọdọ̀ pa ìwé náà mọ́, kí ó ya káàdì náà, kí ẹni tí wọ́n bá jà lólè lè wá wò ó. Ẹni tó bá rà á láìgba ìwé, ẹ̀wọ̀n ni. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti ń wá ojú ihò tí n ó gbà jáde.

Oṣù Ràmàdáànì ọdún yẹn ni mo rí i. Ní mọ́ṣáláṣí wa, bí òbí ẹnìkan bá kú, ó lè ra éésì kan gẹ́gẹ́ bíi sàráà tí ẹ̀san rẹ̀ ń lọ bá òkú nínú sàréè. Wọ́n á fi ọ̀dà dúdú kọ orúkọ olóògbé sára rẹ̀. Alhaji Músílíù, tó ń ta sìmẹ́ǹtì, ti ra ọ̀kan fún ìyá rẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sára apá rẹ̀ tó wà níta pé: SÀRÁÀ FÚN ALHAJA SÀBÍTÍÙ. Nígbà tó di Ràmàdáànì yìí, àwọn ènìyàn kó éésì tuntun wá. Wọ́n bi mí léèrè èyí tí a máa yọ. Mo na ìka sí ti Alhaja Sàbítíù. Mo ní ó ti kú. Kò kú, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó ń tutù ju tuntun lọ.

Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ẹni tó bá ti ṣe sàráà kì í bèèrè lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ gbogbo wa bẹ́ẹ̀, pé bí èèyàn bá ń tọpinpin ohun tó fún Ọlọ́hun, ó lè ba ẹ̀san rẹ̀ jẹ́. Mo mọ̀ pé Alhaji kò ní bèèrè láéláé. Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni mo fi ṣe àkàsọ̀.

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ramọ́tà.

Ó ní, "Ìwé dà?"

"Màmá, èmi ni o."

"Mo rí ọ. Ìwé ni mi ò rí. Ìyá tó bí mi gan-an, bó bá gbé ìkòkò wá síbí, n ó bi í léèrè ìwé. Ta ló ni ín?"

"Ti mọ́ṣáláṣí ni. Ọlọ́hun ló ni ín."

"Kí Ọlọ́hun wá fọwọ́ sí i nígbà náà."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, màmá."

"Ìwọ lo ní kí n sọ ọ́. Wò ó, orúkọ wà lára ẹ̀rọ yìí. Àwọn tó ń wá bẹ̀ wá wò máa ń wo orúkọ. Orúkọ tó wà lára ẹ̀rọ ni kí ó wà nínú ìwé. Lọ bá Alhaja yìí, kí ó fọwọ́ sí i fún ọ."

Kò mọ̀ pé Alhaja ti kú. Sàráà fún ẹni tó wà láàyè náà ń bẹ. Mo ní, "Kò burú." Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níwájú àgbàlá rẹ̀, mo yọ bébà, mo kọ ọ́: "Èmi, Alhaja Sàbítíù, ni mo ni ẹ̀rọ yìí. Èmi ni mo rán ẹni tó mú un wá." Mo fi ọwọ́ òsì fọwọ́ sí i kí ó lè jọ ti arúgbó. Ìyá Ramọ́tà gba ìwé náà, ó ya àwòrán káàdì mi, ó sì sanwó fún mi. Inú mi dùn sí ọgbọ́n mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo mú nínú owó náà, mo fi ṣe sàráà. Lèmọ́ọ̀mù dárúkọ mi, gbogbo jamáà ní, "Àmín." Èmi náà ní, "Àmín."

Ó ṣe díẹ̀, wọ́n tún ń sọ pé bàbá arúgbó tó jẹ́ olórí àwọn ládánì fẹ́ fi ipò sílẹ̀ fún mi. Ìyá mi ti ń rán aṣọ ìwúyè.

Ní àkókò yìí ni olè gé éésì méjì ní ilé tí Alhaji Músílíù fi ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ní Alábàtà. Ó pè mí lórí fóònù.

Ó ní, "Ládánì, òfin tuntun yìí dára. Wọ́n ní mo lè lọ wo ìwé lọ́dọ̀ àwọn onírin. Bá mi lọ, ìwọ lo mọ éésì."

Mo ní, "Alhaji, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi lónìí."

"Kò burú. Màá dá lọ. Ṣebí mo mọ ìwé kà."

Ọjọ́bọ̀ ni. Mo lọ sí mọ́ṣáláṣí kí àkókò ìrun Àlàásárì tó tó. Mo gun orí òrùlé kọnkéré tó wà lẹ́yìn, níbi tí àwọn éésì wà, mo mú sípánà dání bí ẹni ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi má dilẹ̀. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Alhaji ni. Ó ń mí hẹ̀ẹ̀, ó sì mú ìwé tí mo kọ dání, èyí tó bẹ Ìyá Ramọ́tà kí ó yá òun.

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Alhaji. Ẹ kú wàhálà olè."

Ó na ìwé náà sí mi. "Kà á fún mi. Bóyá ojú mi ni kò ríran dáadáa."

Mo kà á. Ohùn tí mo fi ń pe ìrun ni mo fi kà á.

Ó ní, "Ta ló rán ọ?"

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo bi ọ́ ni. Ìyá mi ló rán ọ? Èmi ni mo wọ inú sàréè gbé e tẹ́. Ìgbà wo ló jáde wá fọwọ́ síwèé fún ọ?"

Mo kúnlẹ̀. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó fi í sápò agbádá rẹ̀.

Ó ní, "Gbọ́. Éésì kì í ṣe tèmi mọ́. Mo ti fún Ọlọ́hun. Bí o bá jí i, ọ̀rọ̀ ìwọ àti Ọlọ́hun nìyẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ ìyá mi, èmi ni ó fi í sílẹ̀ fún. Ọ̀la ni Jímọ̀. Bí a bá kírun tán, dìde, kí o sọ fún jamáà ohun tí o ṣe. Mi ò ní pe ọlọ́pàá. Mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ."

"Wọ́n á lé mi, Alhaji."

"Wọ́n lè lé ọ. Bí o bá ti sọ ọ́ tán, èmi ni n ó kọ́kọ́ dìde láti sọ pé mo ti forí jì ọ́."

Ẹ wo àánú. Ẹ wo bí ó ṣe súnmọ́ mi tó. Mo ti wà lórí orúnkún mi tẹ́lẹ̀, kò ku nǹkankan ju kí n ní, "Ẹ ṣé, sà." Ṣùgbọ́n ojú ìyá mi ni mò ń rí, àti aṣọ tó ń rán. Mò ń rí bí àwọn ènìyàn yóò ṣe máa yí orí sẹ́yìn wò mí. Alhaji kọ ẹ̀yìn sí mi, ó lọ dúró létí òrùlé, ó ń wo irin tí éésì ìyá rẹ̀ jókòó lé tẹ́lẹ̀. Ó ń mi orí. Mo dìde, mo sì fi sípánà gbá a ní ìpàkọ́.

Ó ṣubú sí ọ̀nà tóóró tó wà láàárín mọ́ṣáláṣí àti ògiri ọgbà. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé ó ti kú. Kò kú. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó mọ̀ mí. Ó ní, "Má lọ."

Ẹnìkan ké níwájú mọ́ṣáláṣí pé, "Ládánì, àkókò ti tó o."

Mo lọ. Mo bu omi sí búútà, mo ṣe alùwàlá. Mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo dúró níwájú gbohùngbohùn, mo sì ń pe àwọn ènìyàn Kemta pé kí wọ́n wá síbi ìgbàlà, ẹni tí ìgbàlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi sì dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Àwọn tó gbọ́ mi lọ́jọ́ náà sọ ní kọ́tù pé àwọn kò gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ìrun ni ẹnìkan lọ síbẹ̀, tó rí i. Nígbà náà ó ti kú. Èmi ni mo ké jù lọ. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé ó yọ̀ ṣubú. Mo wà lára àwọn tó gbé e. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ wẹ òkú rẹ̀ rí ọgbẹ́ tó wà ní ìpàkọ́, wọ́n sì rí ìwé nínú àpò rẹ̀. Ọlọ́pàá gbé ìwé náà lọ bá Ìyá Ramọ́tà. Obìnrin náà wọ inú yàrá rẹ̀, ó mú àwòrán káàdì mi jáde. Ó ní, "Òfin ní kí n pa á mọ́. Mo pa á mọ́." Sípánà mi wà lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn éésì, níbi tí mo jù ú sí.

Títí wọ́n fi dá ẹjọ́ mi, mò ń sọ pé ó yọ̀ ṣubú ni. Mo jẹ́wọ́ ìwé, mo jẹ́wọ́ éésì, mi ò jẹ́wọ́ ẹ̀mí. Lọ́yà mi pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ó ní kò sẹ́ni tó rí mi, ìrètí wà.

Lánàá, wọ́n ní mo ní àlejò. Táófíkì ni, ọmọ Alhaji. Ọmọ yìí kò ju ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Ó jókòó, kò bú mi.

Ó ní, "Mi ò wá bá yín jà. Ìyá mi kì í sùn. Gbogbo ìgbà ló ń bèèrè bí bàbá wa ṣe kú. Ṣé ó yọ̀ ṣubú?"

Lọ́yà mi ti kìlọ̀ fún mi. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Mo la ẹnu láti sọ ọ́, òótọ́ ló jáde.

"Rárá. Èmi ni mo gbá a ní sípánà."

Ó fọwọ́ bojú. Ó ní, "Ṣé ó kú lójú ẹsẹ̀?"

Ó wù mí kí n ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀.

"Rárá. Ó sọ̀rọ̀."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní, 'Má lọ.'"

"Ẹ sì lọ."

"Mo lọ."

Ó sunkún, èmi náà sunkún, wọ́dà kọjú sí ògiri. Mo sọ fún un pé bàbá rẹ̀ fẹ́ forí jì mí ní ọjọ́ kejì níwájú jamáà. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi, mo sì ti fẹ́ gbé e lọ sínú sàréè. Ó dìde, ó di ilẹ̀kùn mú.

Ó ní, "Mi ò tíì lè sọ ohun tí bàbá mi fẹ́ sọ yẹn. Ẹ máa bá mi ṣe àdúà kí n lè sọ ọ́."

Ẹ gbọ́ ohun tó fi lé mi lọ́wọ́. Ọmọ ẹni tí mo pa ní kí n bá òun ṣe àdúà. Mi ò sùn, mò ń ṣe é títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀ yìí mo ti ránṣẹ́ sí lọ́yà mi pé kí ó kó irọ́ mi kúrò níwájú kọ́tù. Ohun tí wọ́n bá fi mí ṣe, alihamudulilahi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ní Aké, ní Kemta àti níbi gbogbo, mo bẹ̀ yín. Bí kọ́pà bá ṣẹ́kù, ẹ dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí òfin bá ní kí ẹ mú ìwé wá, orúkọ ẹni tó ni ín gan-an ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá sì ti ṣìnà bíi tèmi, tí ẹnìkan wá ní kí ẹ dìde sọ ọ́ níwájú àwọn ènìyàn, ẹ tètè dìde. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo ti ronú sí òwe yẹn gan-an nínú iyàrá yìí. Ikú ara ẹni ni wọ́n ń wí. Ẹ̀sín ọjọ́ Jímọ̀ kan péré ni wọ́n ní kí n jẹ, mo sì fi ikú ẹlòmíràn san án.